Òwú Tí Mo So Mọ́ Páálí Oògùn Ìyá

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fún mi láyè kí n ka ẹ̀ṣẹ̀ mi síta lónìí. Ó ti lé lóṣù mélòó kan tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn, mo sì ti rí i pé tí mi ò bá sọ ọ́, kò ní jẹ́ kí n gbádùn. Ẹ má tíì bú mi o. Ẹ kà á tán ná.

Èmi ni Rábì aránṣọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Libreville níbí, ẹ mọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Oloumi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn wẹ́dà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé, ẹ ṣáà mọ̀ pé ó ti tó ọdún mẹ́rìnlá tí mo ti wà ní Gabon, pé iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ni mò ń ṣe, àti pé mi ò fọkàn tán ẹnikẹ́ni. Mi ò parọ́. Tí oníbàárà bá gbé aṣọ wá, màá wọ̀n ọ́n lójú ẹ̀, tó bá lọ tán màá tún un wọ̀n. Gbogbo aṣọ tí mo bá rán, mo máa ń fi òwú aláwọ̀ ọsàn kan sínú ìṣẹ́tí ẹ̀, níbi tójú ò tó, kẹ́nì kan má baà gbé aṣọ tí mi ò rán wá bá mi pé èmi ni mo bà á jẹ́. Ṣé ẹ ti rí irú èèyàn tí mo jẹ́ báyìí?

Ìyá wa wá bá wa láti Ìsẹ́yìn. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, Bọ̀dá Múfú, ló ń gbé ní Lalala. Èmi ń gbé ní PK8, ibẹ̀ jìnnà díẹ̀. Ìyàwó Bọ̀dá ló ń tọ́jú Ìyá. Pélàjí lorúkọ ẹ̀, ọmọ Kétu ni, ní Benin. Ó ń ta mílíìkì, sàdíìnì, ìrẹsì àti ọṣẹ níwájú ilé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan nípa Ìyàwó, torí ó máa wúlò níwájú. Ó fi ọdún mẹ́ta jù mí lọ. Ṣùgbọ́n nítorí pé mo ti wà nílé kó tó di aya ẹ̀gbọ́n mi, kò fi orúkọ pè mí rí. Eyínmẹ́nugún ló sọ mí lọ́jọ́ tó wọlé, ìyẹn náà ló sì ń pè mí títí. Àwọn Nàgó Kétu, ìyẹn Yorùbá ilẹ̀ Benin, ò yàtọ̀ sí àwa níbẹ̀ yẹn. Kì í bá ọmọ ilé ọkọ jiyàn níta. Tá a bá ṣẹ̀ ẹ́, á dúró dìgbà tá a bá délé, á wá fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ ọ́.

Ní bí ọdún méjì àbọ̀ sẹ́yìn, Ìyá rí kókó kan lọ́mú òsì. Jẹjẹrẹ ni. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n fi ìtànṣán ẹ̀rọ jó ibi tí àrùn náà wà, wọ́n wá kọ oògùn kan fún un tó máa lò fún ọdún márùn-ún ó kéré tán, hóró kan lójúmọ́. Dókítà tó ń tọ́jú ẹ̀, obìnrin kan báyìí, ọmọ ilẹ̀ yìí, ló ṣàlàyé fún wa pé irú jẹjẹrẹ ti Ìyá, hòmóònù obìnrin ló ń bọ́ ọ. Iṣẹ́ oògùn náà ni pé á dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn tí hòmóònù ń gbà wọlé, ebi á wá pa jẹjẹrẹ náà sínú ilé. Ó yé mi dáadáa.

Fún ọdún kan àbọ̀, gbogbo nǹkan ń lọ bó ṣe yẹ. Ìyá sanra. Ó padà sí bíbú èmi àti Bọ̀dá bó ṣe máa ń ṣe tẹ́lẹ̀, a sì ń dúpẹ́.

Ìgbà tó yá, kókó kékeré kan yọ lábẹ́ abíyá ẹ̀. A lọ rí dókítà. Ó fọwọ́ kàn án, ó ní ó jọ pé àrùn náà tún fẹ́ máa rìn. Ó wá béèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bóyá Ìyá ń lo oògùn ẹ̀ lójoojúmọ́. Ó ní gbogbo aláìsàn lòun máa ń bi bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè lásán ni o! Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí, ẹ mọ ohun tó ṣe nínú mi. Oògùn tó ti ń ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ yìí, kí ló dé tí kò ṣiṣẹ́ mọ́? Ṣé òun nìkan ló jókòó tó ní ó ti sú òun ni? Ẹnì kan ti fọwọ́ kan nǹkan. Ta ló sì wà nídìí oògùn yẹn láàárọ̀ láàárọ̀? Ìyàwó.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí nǹkan. Mo rí i pé ó máa ń ti ilẹ̀kùn yàrá tó bá fẹ́ fún Ìyá lóògùn. Mo rí i pé lẹ́ẹ̀mejì tí mo yọ sí i láàárọ̀ láìsọ tẹ́lẹ̀, ńṣe ló sáré tẹ fóònù ẹ̀, tí fóònù sì dákẹ́. Ta ló ń bá sọ̀rọ̀ láàárọ̀ kùtù tí kò fẹ́ kí n mọ̀? Mo tún rántí pé Ìyá ti bú u lẹ́ẹ̀kan nítorí iyọ̀ ọbẹ̀, níwájú àlejò. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Nígbà yẹn, iyọ̀ ọbẹ̀ tó ẹ̀rí lójú mi.

Páálí oògùn Ìyá wà lórí tábìlì kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé kan, nígbà tí Ìyàwó ń dá oníbàárà lóhùn níta, mo yọ òwú aláwọ̀ ọsàn mi, mo fi wé páálí náà lẹ́ẹ̀kan, mo ta á ní kókó sísàlẹ̀, mo gé ìyókù. Òwú yẹn tín-ín-rín débi pé ẹni tí kò bá wá a ò lè rí i. Ẹni tó bá sì ṣí páálí náà á já a. Ìyá bi mí pé kí ni mò ń ṣe níbẹ̀. Mo ní mò ń nu eruku.

Ọjọ́ Túsìdeè ni mo padà. Òwú mi wà níbẹ̀, bí mo ṣe ta á gan-an.

Àárọ̀ mẹ́ta ti kọjá, páálí ò ṣí! Mo bi Ìyá bóyá ó ti lo oògùn lónìí. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, pé Ìyàwó ò gbàgbé rí. Kí ló wá ń fún un? Ìyá ò mọ̀wé. Hóró funfun kékeré kan ni wọ́n máa ń gbé lé e lọ́wọ́, á fi omi gbé e mì, á sì ṣàdúrà fún ẹni tó fún un. Tí wọ́n bá gbé ṣọ́ọ̀kì tí mo fi ń sàmì sára aṣọ fún un, á gbé e mì, á sì ṣàdúrà.

Mo wọ kíṣìnì bí ẹni tó fẹ́ mu omi, mo tú ibi tí kò yẹ kí n tú. Lẹ́yìn àpò ìrẹsì, mo rí agolo mílíìkì ńlá kan tí wọ́n fi ọ̀rá dé lẹ́nu. Mo ṣí i. Oògùn Ìyá ló wà níbẹ̀! Páálí méjì, orúkọ kan náà, ọ̀kan ti ṣí, ó sì ti lọ sí ìdajì.

Ta ló ń fi oògùn jẹjẹrẹ sínú agolo mílíìkì, lẹ́yìn àpò ìrẹsì? Kíá ni mo ti pa gbogbo ẹ̀ pọ̀ lórí mi: ó ń kó ojúlówó pa mọ́ kó lè rí i tà, ó sì ń fún ìyá mi ní nǹkan míì. Mo ya fọ́tò agolo náà, mo dá a padà síbi tó wà, mo jáde, mo rẹ́rìn-ín sí i, mo sì ra ọṣẹ lọ́wọ́ ẹ̀. Mi ò bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àwa mẹ́ta la jókòó níwájú dókítà: Ìyá, Ìyàwó àti èmi. Bọ̀dá wà lẹ́nu iṣẹ́. Faransé la ń sọ, Ìyá ò sì gbọ́ ọ, ó kàn ń wo ẹnu wa. Dókítà ní kókó yẹn ti tóbi sí i díẹ̀, pé òun ń rò ó láti pààrọ̀ oògùn, ṣùgbọ́n òun máa kọ́kọ́ fi abẹ́rẹ́ mú díẹ̀ lára ẹ̀ kí wọ́n lè yẹ̀ ẹ́ wò.

Kó tó sọ̀rọ̀ tán ni mo ti dá sí i. Mo ní kí wọ́n má tíì pààrọ̀ nǹkan kan, pé Ìyá ò lo oògùn náà rárá, pé mo ní ẹ̀rí. Mo gbé fọ́tò jáde. Mo sọ̀rọ̀ òwú. Bí mo ṣe ń sọ ọ́, inú mi ń dùn sí bí ẹ̀rí mi ṣe gún régé.

Dókítà yíjú sí Ìyàwó, ó bi í bóyá bẹ́ẹ̀ ló rí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ ìyàwó ilé, ẹ mọ ohun tí mo ṣe sí i níbẹ̀ yẹn. Faransé ẹ̀ dáa ju tèmi lọ fíìfíì, torí Faransé ló fi kàwé. Ìṣẹ́jú kan péré ló máa gbà á láti ṣàlàyé. Àmọ́ báwo ló ṣe máa pe ọmọ ilé ọkọ ẹ̀ lónírọ́ níwájú àlejò, lójú ìyá ọkọ ẹ̀? Ó wá kọjú sí mi, ó fi Yorùbá sọ ọ́ jẹ́jẹ́:

"Eyínmẹ́nugún, ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká délé."

Mo ní kò sí nǹkan tá a fẹ́ délé sọ. Mo fi ìdákẹ́ ẹ̀ kún ẹ̀rí mi.

Dókítà kọ nǹkan sílẹ̀. Ó ní tí aláìsàn ò bá lo oògùn déédéé, a ò tíì lè sọ pé oògùn náà ò ràn án mọ́. Ó ní kí Ìyá lò ó fún oṣù mẹ́ta láìfo ọjọ́ kankan, lẹ́yìn náà ká wá yẹ̀ ẹ́ wò. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Mo rò pé mo ti gba ìyá mi lọ́wọ́ ikú.

Bọ̀dá gbọ́, ilé gbóná. Fún bí ọ̀sẹ̀ méjì kò jẹ oúnjẹ ìyàwó ẹ̀. Èmi kó Ìyá lọ sí PK8. Ìyàwó fúnra ẹ̀ ló di ẹrù Ìyá, ó ká aṣọ ìkírun ẹ̀ sókè pátápátá kó má baà rún. Ó gbé agolo mílíìkì yẹn fún mi, ó ní, "Àǹtí, oògùn Ìyá rèé." Àǹtí! Bí wọ́n ṣe ń pe ẹni tí wọn ò mọ̀ rí lójú títì. Mo gbọ́ ọ, mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Oògùn inú agolo náà, mi ò jẹ́ kó kan ẹnu Ìyá. Mo ra tuntun.

Ní PK8, ọwọ́ mi ni mo fi ń fún un lóògùn. Tó bá ti kírun àárọ̀ tán, màá gbé e fún un, màá dúró tì í, màá ní kó la ẹnu kí n wo abẹ́ ahọ́n ẹ̀. Ìyá bi mí bóyá mo ti sọ ọ́ di ọmọ ọwọ́. Ó tún sọ nǹkan kan tí mi ò fẹ́ gbọ́. Ó ní, "Rábì, ohun tí Ìyàwó ń fún mi gan-an nìyí. Bó ṣe rí lọ́wọ́ nìyí, bó ṣe rí lẹ́nu nìyí." Mo ní kó ṣáà mu omi sí i.

Ṣé ẹ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí kókó yẹn ní gbogbo ìgbà yìí? Ó ń tóbi! Èmi aránṣọ, mo máa ń fi téèpù wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ Jímọ̀. Nígbà tó di oṣù kejì, mo ju téèpù náà nù, mo ra òmíì, mo ní bóyá ó ti sún kì. Ẹ ò rí nǹkan! Mo fura sí téèpù. Lẹ́yìn náà mo fura sí fàmásì, mo ń ra oògùn níbì mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, mo ń gbé páálí wọn sójú oòrùn láti fi wọ́n wé ara wọn. Mo fura sí omi tó fi ń lò ó. Gbogbo ayé ni mo fura sí.

Oṣù mẹ́ta pé. Wọ́n ya àwòrán inú ara Ìyá. Kókó abíyá ti di méjì, nǹkan kan sì ti hàn lára egungun ìbàdí ẹ̀. Dókítà bi mí bóyá Ìyá fo ọjọ́ kankan. Mo ní rárá. Ó bi mí ta ló ń fún un.

"Èmi ni," mo ní. "Ọwọ́ mi ni."

Bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe jáde lẹ́nu mi ni mo gbọ́ ọ. Tó bá jẹ́ pé ẹni tó ń fúnni lóògùn ló ń ba oògùn jẹ́, èmi wá ni ọ̀daràn nìyẹn. Mo ní kò ṣeé ṣe, pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ ṣe nǹkan. Dókítà ní bóyá kò sí ẹnikẹ́ni. Ó ní jẹjẹrẹ fúnra ẹ̀ lè kọ́ bó ṣe máa borí oògùn, kódà tí aláìsàn ò bá fo ọjọ́ kankan.

Ojú tí mo fi wò ó ò dáa. Mo rò pé ó ń wá ọ̀nà láti bo nǹkan mọ́lẹ̀ ni. Ó rí téèpù tó wà lọ́rùn mi, ó bi mí bóyá aránṣọ ni mí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó fa bébà kan jáde.

Ó ní kí n rò ó pé nínú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, ìwé pátánù ńlá kan wà tí kì í jáde níbi tí wọ́n tọ́jú ẹ̀ sí. Tí sẹ́ẹ̀lì bá fẹ́ ṣe nǹkan, á da ojú ewé kan kọ, á gbé ẹ̀dà yẹn lọ síbi tí ẹ̀rọ wà, wọ́n á fi rán purotéènì. Ẹ̀dà yẹn ni wọ́n ń pè ní ARN níbí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé ní Nàìjíríà mọ̀ ọ́n sí RNA. Ó ní ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹ̀dà wà tí wọn kì í fi rán nǹkan kan rárá. Àwọn kan kéré bí àjákù. Ó pẹ́ tí àwọn onímọ̀ rò pé pàǹtírí ni wọ́n. Àṣé àwọn gan-an ló ń darí ìránṣọ: rán èyí, dín tọ̀hún kù, má fọwọ́ kan ìyẹn.

Ó yé mi ju bó ṣe rò lọ. Ṣé ẹ mọ àwọn bébà pélébé tí mo máa ń fi píìnì kàn mọ́ aṣọ? "Apá, dín in." "Ìbàdí, má gé." Mi ò lè fi bébà yẹn rán aṣọ. Ṣùgbọ́n tẹ́nì kan bá yọ wọ́n lára aṣọ kan tó fi wọ́n sára òmíì, pátánù ò ní yí padà, aṣọ náà á sì bàjẹ́.

Dókítà ní ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú jẹjẹrẹ nìyẹn. Àwọn ARN yẹn á dàrú, àwọn kan á pọ̀ jù, àwọn kan á pòórá. Òmíì á sọ fún sẹ́ẹ̀lì tó yẹ kó kú pé kó má kú. Òmíì á ní kó máa ti oògùn síta. Òmíì á ní kí sẹ́ẹ̀lì kúrò níbi tó wà, kó lọ tẹ̀dó síbòmíì. Èyí tó bà mí lẹ́rù jù ni pé sẹ́ẹ̀lì tó ti gbọ́n lè di wọ́n sínú àpò kéékèèké, kó fi wọ́n ránṣẹ́ sí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, kí ìyẹn náà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ oògùn. Ó ní ní ti irú oògùn Ìyá, àwọn kan nínú wọn lè ní kí sẹ́ẹ̀lì má rán ilẹ̀kùn yẹn mọ́. Oògùn á wá máa ṣọ́ ẹnu ilẹ̀kùn tí kò sí níbẹ̀ mọ́, jẹjẹrẹ á sì ti rí ọ̀nà míì jẹun.

Ó ní òun ò lè búra pé ohun tó ṣẹlẹ̀ lára Ìyá nìyẹn. Ìwádìí ṣì ń lọ lórí ẹ̀, kò sì tíì sí oògùn ní fàmásì tó máa já àwọn bébà yẹn gbà lọ́wọ́ jẹjẹrẹ. Ṣùgbọ́n wọ́n lè wò ó bóyá ilẹ̀kùn ṣì wà, kí wọ́n sì fún un ní oògùn tó ń gba ibòmíì wọlé. Ó fẹ́ fi abẹ́rẹ́ mú díẹ̀. Ó tún béèrè bóyá a máa gbà kí wọ́n fi ẹ̀yà kékeré kan ránṣẹ́ sí ilé ìwádìí kan lókè òkun, níbi tí wọ́n ti ń ka àwọn ARN yìí.

Ẹ ò ní gbà á gbọ́, mo tún fura! Kí ni wọ́n fẹ́ fi ẹran ara ìyá mi ṣe lókè òkun? Ta ni wọ́n fẹ́ tà á fún? Mo ti la ẹnu láti kọ̀ fún un nígbà tí dókítà ní kí n jọ̀ọ́, kí n kọ́kọ́ bi Ìyá.

Kí n bi Ìyá! Láti ọjọ́ tá a ti ń jókòó níwájú obìnrin yẹn tá a ń sọ Faransé lórí ara ìyá wa, kò sẹ́ni tó yíjú sí i kó bi í ní nǹkan kan. Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún un ní Yorùbá. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní kí wọ́n mú un. Ó ní tí kò bá wúlò fún òun, á wúlò fún ọmọ ẹlòmíì.

Bá a ṣe ń dìde, mo bi dókítà ní ohun tí mo ti ń sá fún láti àárọ̀. Mo ní ká ní wọ́n ti ṣe gbogbo èyí tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Ó to àwọn ìwé ẹ̀ pọ̀.

"Ká ní mo mọ̀ pé ó ń lò ó," ó ní, "oṣù mẹ́ta sẹ́yìn là bá ti mú un."

Oṣù mẹ́ta. Egungun ìbàdí ìyá mi wà nínú oṣù mẹ́ta yẹn. Kì í ṣe Ìyàwó ló sọ ọ́ nù. Èmi ni, pẹ̀lú ẹnu mi, ní Faransé tí kò dán mọ́rán.

Èsì abẹ́rẹ́ jáde lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ilẹ̀kùn yẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lára àwọn sẹ́ẹ̀lì náà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ oògùn míì fún Ìyá. Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni mo wọ tásí lọ sí Lalala.

Ìyàwó ń to sàdíìnì sórí pẹpẹ nígbà tí mo dé. Mo kúnlẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù, lójú àwọn oníbàárà, torí níwájú èèyàn ni mo ti bà á lórúkọ jẹ́. Ó sáré fà mí dìde, ó ní kí n má ṣe bẹ́ẹ̀, pé àwọn èèyàn ń wò. Mo sunkún. Mo bi í ní gbogbo ìbéèrè tó yẹ kí n ti bi í láti ọjọ́ Túsìdeè yẹn.

Ó ní oògùn Ìyá ti tán rí ní gbogbo fàmásì tó mọ̀ ní Libreville, fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Kò sọ fún ẹnì kankan kí ẹ̀rù má baà ba Ìyá. Àbúrò ẹ̀ ló bá a wá a ní Cotonou kí ti ọwọ́ wọn tó tán, àtìgbà yẹn ló ti ń tọ́jú díẹ̀ sínú agolo kí omi tàbí eèrà má baà dé ibẹ̀. Ti inú agolo ni ọjọ́ lílò ẹ̀ máa kọ́kọ́ kọjá, ìyẹn ló fi ń kọ́kọ́ fún Ìyá lò, tó sì fi páálí tuntun sílẹ̀ lórí tábìlì. Ó na ọwọ́ sí pẹpẹ ẹ̀. Bó ṣe ń to mílíìkì náà nìyẹn: èyí tí ọjọ́ ẹ̀ sún mọ́ wà níwájú, tuntun wà lẹ́yìn. Ilẹ̀kùn tó ń tì? Ó ń fi ìpara pa ojú àpá Ìyá ni, Ìyá ò sì fẹ́ kí Bọ̀dá rí i. Fóònù tó ń pa? Aago oògùn ló ń dún.

Ẹ̀yin èèyàn mi, gbogbo nǹkan tí mo fi òwú mú, ìtọ́jú ni.

Mo ní kí ló dé tí kò sọ fún mi lẹ́yìn tá a délé. Kò bínú. Ó kàn ní:

"Ẹ ò bi mí."

Ó gbà kí Ìyá padà sọ́dọ̀ òun, torí Ìyá ló béèrè fún un. Ṣùgbọ́n ó ní òfin kan. Láàárọ̀ kọ̀ọ̀kan, òun á máa fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp: oògùn lọ́wọ́ Ìyá, lẹ́yìn náà ẹnu Ìyá tó là sílẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kò pọn dandan. Ó ní, "Rárá, Àǹtí. Kí ẹ máa rí i."

Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe. Láàárọ̀ láàárọ̀, bí mo bá ti ń ṣí ṣọ́ọ̀bù, fóònù á dún. Oògùn. Ẹnu. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan lábẹ́ ẹ̀. Mi ò rí ìyà tó dùn mí tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Nígbà tó di oṣù kejì, kókó abíyá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Ti egungun dúró sójú kan. Dókítà ní ká má tíì yọ̀ jù, ká máa ṣọ́ ọ, torí èyí náà lè padà di ohun tí jẹjẹrẹ kọ́.

Láàárọ̀ àná, fọ́tò ò wá.

Aago méjọ, kò wá. Aago mẹ́sàn-án, kò wá. Ẹ mọ̀ mí. Orí mi ti bẹ̀rẹ̀: ṣé ó ti sú u? Ṣé oògùn ti tán? Ṣé ó ń fi nǹkan pa mọ́? Mo ti mú fóònù, mo ti kọ "Ṣé Ìyá ti..." sójú ẹ̀. Mo pa á rẹ́. Mo rán apá búbá kan, mo tú u, mo tún un rán. Ní nǹkan bí aago mọ́kànlá, mo pè é. Mi ò béèrè oògùn. Mo kí i, mo ní, "Ìyàwó wa, kí lẹ jẹ láàárọ̀?"

Mo gbọ́ tí agolo ń kan ara wọn lórí pẹpẹ ẹ̀.

"Ẹ̀kọ ni," ó ní. "Ìyá ní iyọ̀ ọbẹ̀ mi ti pọ̀ jù lónìí o, Eyínmẹ́nugún."

Orúkọ tó sọ mí ti padà sẹ́nu ẹ̀! Mo jókòó sílẹ̀ láàárín àjákù aṣọ, mo sunkún bí ọmọdé.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú lọ ò pọ̀. Oògùn lè kọ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣẹ̀. Tẹ́ ẹ bá jókòó níwájú dókítà, ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ rí, ẹ má sọ ohun tẹ́ ẹ rò. Mo rí òwú tí kò já. Ìyókù, èmi ni mo rán an mọ́ ọn.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ó dá mi lójú pé mi ò dá nìkan wà. Ẹ kọ tiyín sísàlẹ̀, mo máa ka gbogbo ẹ̀. Ta lẹ fura sí nínú ilé yín? Ṣé ẹ ti bi í?